Láíbìrì abẹ́ odi: ṣé ìwé lè dúró lábẹ́ ilẹ̀ tiwa?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ilé o. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan, ayé inú ẹ̀ kò sí níbì kankan, èmi ni mo dá a sílẹ̀, àmọ́ ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ ibẹ̀, bíi ti Òṣogbo níbí ni mo ṣe é, òjò, ọyẹ́, odò, igbó, gbogbo ẹ̀. Ọba kan mọ odi sórí òkè, wọ́n ń pè é ní Odi Àgbáńréré, abẹ́ odi yìí ni láíbìrì kan wà tí aráyé ò mọ̀, ó ti lo igba ọdún níbẹ̀. Ìwé ogun, ìwé oògùn, ìwé ilẹ̀, àti ìwé kan tó fi hàn pé ìdílé ọba tó wà lórí oyè kọ́ ló ni oyè, ibẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí. Ọ̀rẹ́ mi ka orí méjì àkọ́kọ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ gbáà ni, ó ní ìwé ò lè lo ọdún márùn-ún lábẹ́ ilẹ̀ wa kó má di ẹrẹ̀, kí n yáa gbé e lọ sí àjà. Ṣé kí n gbé e ni, àbí kí n bá a fà á? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé ìtàn lásán ni o, mo fẹ́ kí ẹni tó bá kà á gbà á gbọ́.

* * *

Àbúrò, má gbé e lọ síbì kankan. Àjà wo? Ṣebí àjà ni iná kọ́kọ́ ń mú bí wọ́n bá ń ja odi, àjà ni òrùlé ń jò sí, ooru àjà nìkan tó láti sọ ìwé di ohun tó ń rún lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ ẹ rí ìṣòro, kò rí ibi tí wọ́n ń gbà bọ́ nínú ẹ̀.

Ibi tó ti lẹ́jọ́ rò ni ti omi. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga rí ní Òṣogbo mọ ohun tí mò ń wí, nínú ọyẹ́ okùn gígùn gbọọrọ lo máa fi fa omi, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án omi ti gòkè débi pé ọmọdé lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu ú, pàápàá lápá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Gbọ́dọ̀fọ́n tó sún mọ́ odò. Tó o bá gbẹ́ ihò wálẹ̀ tààrà sínú irú ilẹ̀ yẹn, kànga lo gbẹ́, o ò gbẹ́ láíbìrì. Ṣùgbọ́n ìwọ alára ti sọ pé orí òkè ni odi ẹ wà, ìyẹn ló máa gbà ẹ́. Má gbẹ́ ẹ wálẹ̀, gbẹ́ ẹ wọ inú òkè láti ẹ̀gbẹ́, kí ilẹ̀ yàrá náà dà sí apá kan díẹ̀, kí ihò tóóró kan wà lápá ibẹ̀ tí omi tó bá jò wọlé á máa gbà jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Láìsí ihò omi, má tiẹ̀ wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ fi sọ́kàn pé ihò omi yìí náà máa dá wàhálà sílẹ̀, torí bí omi bá ń kán láti ara òkè nínú oṣù kejì nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ, ọ̀tá tó lójú á mọ̀ pé nǹkan wà nínú òkè yẹn. Mò ń padà bọ̀ sórí ìyẹn.

Ẹnì kan ti sáré fi Dunhuang ti Ṣáínà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, pé ìwé pé níbẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe é. Òótọ́ ni, àlùfáà ẹ̀sìn Tao kan, Wang Yuanlu, ló já wọ yàrá kékeré kan nínú ihò àpáta níbẹ̀ ní ọdún 1900, ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí wọ́n ti dí mọ́bẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, kódà ìwé kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 868. Ṣùgbọ́n etí aṣálẹ̀ nibẹ̀ o! Tí wọ́n bá kó ìwé yẹn kan náà wá síbí, tí wọ́n dí ilẹ̀kùn mọ́ ọn lóṣù kẹfà, tá a tún ṣí i lóṣù kẹfà tó tẹ̀ lé e, ẹ máa gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i. Ohun tó yẹ ká fi wé tiwa ni Timbuktu ní Mali. Nígbà táwọn ológun gba ìlú yẹn ní 2012, Abdel Kader Haidara, tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ níbẹ̀, àtàwọn èèyàn ẹ̀ rọra ń kó ìwé àtijọ́ sínú àpótí onírin, wọ́n ń fi mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Bamako, olú ìlú wọn. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ iná, ló bá tún kù ọ̀rinrin, torí atẹ́gùn Bamako tutù ju ti aṣálẹ̀ tí ìwé yẹn ti mọ́ lára, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fòyà pé kó má lọ bu. Bamako nìyẹn o, tí ò ní òjò tó tiwa. Tí ọ̀rinrin inú yàrá bá ti ń kọjá nǹkan bíi 65 nínú ọgọ́rùn-ún tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, lọ́dọ̀ wa níbí sì rèé, ó ń kọjá ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún.

* * *

Àwọn kan ní kó fi oògùn dè é, pé kó ní babaláwo ọba ti fi ọfọ̀ lé omi àti ikán lọ, kó sì máa bá ìtàn ẹ̀ lọ.

Mi ò fara mọ́ ọn. Tí oògùn bá lè lé omi lọ ní láíbìrì, kí ló dé tí wọn ò fi lé ọ̀tá lọ lẹ́nu odi? Ẹni tó ń kà á máa béèrè, ọ̀rẹ́ ẹ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ló máa kọ́kọ́ béèrè. Tó o bá máa fi oògùn sí i, jẹ́ kó ná wọn ní nǹkan.

* * *

Ó ti di ìjà ikán báyìí, mo sì rò pé ó tó ìjà.

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ni pé òkúta ni ògiri odi, òkúta ni ilẹ̀ ẹ̀, ikán ò jẹ òkúta, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ ọ́, ẹ ò gbé ilé bàbá yín pẹ́ ni. Nílé ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, yàrá tí kọ́bọ́ọ̀dù ìwé bàbá mi wà, jámánì fúlọ̀ ni wọ́n dà síbẹ̀, ó le kankan, kọ́bọ́ọ̀dù alára igi àràbà kọ́, igi gidi ni. Ìwé tò síbẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn wọn ń dán, ẹ rí àkọlé wọn, ẹ rí gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́nì kan fẹ́ yọ ìwé òfin kan tó nípọn, ẹ̀yìn ìwé nìkan ló bọ́ sí i lọ́wọ́, iyẹ̀pẹ̀ ló dà sílẹ̀. Ikán ti gba ojú ìlà tóóró tó wà láàárín ògiri àti fúlọ̀ wọlé, wọ́n gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n jẹ inú ìwé tán pátá, wọ́n fi èèpo sílẹ̀ fún wa torí pé ikán ò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Èyí tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn wọ́n.

Nítorí náà òkúta ò tó. Ohun tó ń gba ìwé lọ́wọ́ ikán ni kí pẹpẹ má kan ògiri rárá, kí ẹsẹ̀ pẹpẹ wà nínú abọ́ tí wọ́n bu epo sí, kí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ tónítóní débi pé bí ikán bá mọ ọ̀nà amọ̀ ẹ̀ tóóró yẹn gòkè, wọ́n á rí i lọ́jọ́ kejì kí wọ́n gbá a dànù. Ẹni tó ní kí wọ́n fi ewé dóńgóyárò sáàárín ìwé, ó dáa, àwọn èèyàn ń fi sínú ẹ̀wà àti aṣọ, á lé àwọn kòkòrò kéékèèké. Káńfọ̀ ò sí nínú ayé tí àbúrò wa dá sílẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Solignum, oògùn ikán tí wọ́n ń kùn sára igi, náà ò sí níbẹ̀, ẹ̀yin káfíńtà!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, èèyàn ló ń ṣe é. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wọ ibẹ̀ lọ, kó gbálẹ̀, kó bu epo, kó yẹ ẹsẹ̀ pẹpẹ wò. Igba ọdún lo pè é, àbúrò. Ta ló ti ń gbá ibẹ̀ fún igba ọdún? Nínú orí méjì tó o fi hàn wá, mo rí ọba, mo rí balógun, mo rí olè, mi ò rí ẹni tó mú ìgbálẹ̀ dání.

* * *

Ìbéèrè tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kọ, lójú tèmi, ni ti ẹni tó ní “iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde ńkọ́?” Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀.

Ká ní yàrá náà gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 10, ó ga ní mítà mẹ́ta. Mítà kúúbù 600 nìyẹn. Tí típà kan bá ń gbé márùn-ún, típà 120 ló máa kó o, láìtíì ka pé ilẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ máa ń wú. Kò sí típà láyé Àgbáńréré, orí èèyàn ni. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,000, bí èèyàn bá ru kílò 25 lẹ́ẹ̀kan, ẹrù 40,000 nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kálukú ń ru ẹrù mẹ́wàá lóòjọ́ máa fi ogójì ọjọ́ ru ú, yàtọ̀ sí iṣẹ́ àwọn tó ń gbẹ́ ẹ. Kí lọba fẹ́ wí fáwọn ará ọjà tó ń wo ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n ń ti inú òkè bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n iyẹ̀pẹ̀ lórí fún ogójì ọjọ́?

Àwọn kan ní wọ́n á ṣe é lóru, wọ́n á dà á sódò. Ogójì òru! Odò á pọ́n wẹ̀ẹ̀, gbogbo ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè.

Èmi ní tèmi, kò sídìí láti fi iyẹ̀pẹ̀ pa mọ́. Ẹ wo Eredo, odi àti yàrà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ti Sùngbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó yí ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160, ibòmíì wà níbẹ̀ tó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí iyẹ̀pẹ̀ inú yàrà yẹn lọ, torí òun gan-an ni wọ́n fi mọ odi. Àbúrò, odi ẹ ni iyẹ̀pẹ̀ láíbìrì ẹ. Jẹ́ kó jẹ́ pé ọdún tí wọ́n ń mọ odi ni wọ́n gbẹ́ láíbìrì, kí gbogbo ìlú máa rí agbọ̀n iyẹ̀pẹ̀, kí wọ́n tiẹ̀ máa kọrin tẹ̀ lé e, lójú wọn odi lọba ń mọ. Lẹ́yìn ìyẹn tún wo ọ̀rọ̀ náà látòdì, bóyá tìtorí láíbìrì ni wọ́n ṣe mọ odi rárá, bóyá kò sí ogun kankan lọ́dún yẹn. Ìyẹn á gbé ìtàn ẹ sókè ju idà àti ẹṣin lọ.

Ẹni tó ní òkúta dúdú ni òkè wa, pé ọkọ́ ò lè gbẹ́ ẹ, ó tọ̀nà. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń dáná sí irú àpáta bẹ́ẹ̀ lára títí á fi gbóná, wọ́n á wá da omi tútù lé e kó sán, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni. Yangí ni kó o fi òkè ẹ ṣe. Yangí rọ̀ láti gé nígbà tó ṣì wà nínú ilẹ̀, bí atẹ́gùn bá wá fẹ́ sí i tí oòrùn pa á, á le, àjà yàrá náà á dúró.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá yàrá abẹ́ ilẹ̀ wà lóòótọ́ lábẹ́ àfin tàbí nínú Igbó Ọ̀ṣun, jọ̀ọ́, ìtàn àròsọ là ń sọ. Igbó yẹn tó hẹ́kítà 75, UNESCO ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láti 2005, ibẹ̀ sì lólùtọ́jú, ẹ má jẹ́ ká gbọ́ pé ẹnì kan gbé ṣọ́bìrì lọ síbẹ̀ nítorí ohun tá a kọ síbí.

* * *

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn. Bọ̀dá tó ń gbẹ́ kànga ní Òkè-Baálẹ̀ ti sọ ọ́, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹni tó mọṣẹ́ ló sọ ọ́, pé kí àwọn tó wọ kànga tó ti pẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ so fìtílà sókùn sọ̀ ọ́ wálẹ̀, bí iná bá kú, kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́. Àwọn tí ò mọ̀, tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ ẹnu kànga láti fi fa omi tí wọ́n sì wọ̀ ọ́ lọ, òkú wọn ni wọ́n gbé jáde. Báyìí ẹ wo láíbìrì àbúrò wa, ní orí kejì, èèyàn méje wọlé pẹ̀lú ògùṣọ̀ méje, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó, wọ́n kàwé títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọn ò ní rí ilẹ̀ tó mọ́ o! Èéfín nìkan á ti dá wọn lẹ́kun ìwé kíkà kó tó di ààjìn.

Ògùṣọ̀ kọ́, fìtílà epo kékeré ni, ọ̀kan tàbí méjì, kí ihò atẹ́gùn méjì sì wà, ọ̀kan nísàlẹ̀ tí atẹ́gùn tútù á gbà wọlé, ọ̀kan lókè tí ooru á gbà jáde. Ẹni tó ní kò ṣeé ṣe, ìlú kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Tọ́kì tó ń jẹ́ Derinkuyu, ó jìn tó nǹkan bíi mítà 85, ihò atẹ́gùn ẹ̀ kan jìn ní mítà 55, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ti sá pa mọ́ síbẹ̀ nígbà ogun. Ọdún 1963 ni wọ́n tó tún ṣàwárí ẹ̀, nígbà tí onílé kan ń tún ilé ẹ̀ ṣe. Nítorí náà ihò ṣeé gbẹ́. Ibi tó le ni ẹnu ihò tó yọ síta, torí èéfín fìtílà tó ń bá ooru jáde á máa rú lórí odi níbi tí kò sẹ́ni tó ń dáná.

Ẹ ti wá rí i báyìí, nǹkan mẹ́ta ló ń tú àṣírí láíbìrì yìí. Omi tó ń kán nínú ọ̀gbẹlẹ̀, èéfín tó ń rú níbi tí kò sí ààrò, àti ẹni tó ń wọlé wọ̀de pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ilẹ̀kùn àpáta tó ń fúnra ẹ̀ ṣí tó o fi ojú ewé mẹ́rin ṣàpèjúwe, àbúrò, kò dí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

* * *

Ìjà ti yà sọ́nà ibòmíì lálẹ́ àná. Ẹnì kan ní ṣé a tiẹ̀ mọ ìwé kíkọ tẹ́lẹ̀ ká tó máa sọ ti láíbìrì, pé nǹkan òyìnbó ni àbúrò wa ń gbé agbádá wọ̀. Àwọn kan bú u. Èmi ò ní bú u, àmọ́ ẹ jẹ́ n dá a lóhùn.

Àkọ́kọ́, ayé àròsọ ni, bó bá fẹ́ kí ẹyẹ máa kọ̀wé níbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mú un. Èkejì, àwọn àáfà ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ nǹkan nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Ẹ̀kẹta, ta ló sọ pé inú tákàdá nìkan ni ìmọ̀ ń gbé? Odù 256 pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ ẹ̀, orí àwọn babaláwo ló wà, ikán ò sì jẹ ẹ́. Wọ́n máa ń fi àrokò ránṣẹ́ ogun àti ti ìfẹ́, ẹni tó bá gbà á á lóye ẹ̀. Ní Nineveh, ìlú àtijọ́ kan ní Ìráàkì, amọ̀ ni láíbìrì ọba Ashurbanipal. Nígbà tí ọ̀tá finá sí ìlú yẹn ní ọdún 612 kí wọ́n tó bí Jésù, iná tí ì bá jó tákàdá di eérú, ńṣe ló sun púpọ̀ nínú amọ̀ yẹn le sí i, a ṣì ń kà á dòní.

Kí ló wá dé tí ọmọ Òṣogbo tó ń kọ ìtàn fi gbé tákàdá lọ sábẹ́ ilẹ̀ tó tutù? Aró wà níbí. Àdìrẹ wà níbí. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé àwọn ìyá máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya iṣẹ́ sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sáró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Àwọn iṣẹ́ yẹn lórúkọ, wọ́n sì ń sọ nǹkan, ẹ wo Ìbàdàndùn tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí. Àwọn ọkùnrin náà máa ń gé páànù ní iṣẹ́, wọ́n á fi tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ni pé o tiẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi lè ṣe ẹ̀dà ìwé kan ní ogún. Fi aṣọ ṣe ìwé ẹ, àbúrò.

* * *

Mo rí i pé àwọn méjì ti ta kò mí lórí ti aṣọ. Ọ̀kan ní aṣọ náà ń bu, ọ̀kan ní ikán náà ń jẹ aṣọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí tákàdá bá bu, ó parí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́. Aṣọ tó bá fẹ́ bu, ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ sá a. Ta ló máa bi ìyá aláró léèrè ìdí tó fi ń sá aṣọ?

Ibi tí mò ń lọ nìyẹn látàárọ̀. Ẹ gbé agbo aró ka ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn, lẹ́nu ibi tí wọ́n ń gbà wọ láíbìrì. Àwọn aláró máa ń sun eérú, wọ́n ń sẹ́ omi eérú, wọ́n ń pò ó mọ́ ẹ̀lú nínú ìkòkò, ààrò wọn ń rú èéfín tọ̀sán-tòru, nítorí náà èéfín láíbìrì ti di tiwọn. Wọ́n ń da omi nù lójoojúmọ́, omi tó ń kán láti ara òkè nínú oṣù kejì ti di omi aró. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń kó ẹrù aṣọ wọlé wọ̀de, kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n. Ọ̀tá tó bá já wọnú yàrá náà pàápàá, àká aṣọ ló máa bá. Á kó èyí tó dáa nínú ẹ̀ lọ o, ìyẹn ò ṣeé mójú kúrò, àmọ́ o ní páànù, o ní ẹ̀dà.

* * *

Àwọn tó ní ọba nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀, kó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn: bí ọba bá ṣubú lẹ́ṣin ńkọ́? Dunhuang gan-an nìyẹn, àwọn tó mọ̀ kú tán, ìwé sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi 900 ọdún tẹ́nì kan ò kà á. Ṣé láíbìrì nìyẹn? Sàréè ìwé ni. Ti Timbuktu yàtọ̀, ìdílé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń tọ́jú tiwọn, bàbá ń fi han ọmọ, nígbà tí ogun dé ọ̀pọ̀ èèyàn ló dá sí i tí ọ̀rọ̀ ò sì tú. Ní Daraya ní Síríà náà, nígbà tí wọ́n sé ìlú mọ́ tí bọ́ǹbù ń já lulẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń hú ìwé jáde lábẹ́ ilé tó wó, wọ́n ń tò ó sí yàrá abẹ́ ilé kan, àwọn aládùúgbò ń wá ka á, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ìlú tó ṣubú ní 2016. Àwọn tó ń jàǹfààní ẹ̀ ló ń pa á mọ́. Kí kọ́kọ́rọ́ ẹ wà lọ́wọ́ olórí àwọn aláró, kó máa ti ọwọ́ ìyá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, kí ọba máà tiẹ̀ mọ ju pé ìyá àgbà kan wà tí bàbá òun ní òun ò gbọdọ̀ lé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi.

Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn ọba máa bínú sí èyí. Ẹ máa bínú.

* * *

Àbúrò ti padà wá béèrè pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni olè inú ìtàn òun ṣe máa wá mọ̀ pé láíbìrì ni, ṣebí mo ti bo gbogbo ihò.

Ihò kan ṣì kù. Àwọn aláró ń rẹ aṣọ, wọ́n ń tà á. Aṣọ tí wọ́n bá sá lẹ́nu òkè lọ́dún kan, ó yẹ kó ti wà lára ẹnì kan lọ́jà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Olè ẹ, bó bá jẹ́ ọmọ alájàpá aṣọ, tó mọ iṣẹ́ àdìrẹ dunjú, á ṣàkíyèsí pé gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá dé ni wọ́n ń sá àwọn aṣọ kan, abẹ́ ibòòji ni wọ́n ń sá wọn sí kí oòrùn má pa aró ẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni lọ́dọọdún, kò sì rí i lára ọkùnrin tàbí obìnrin kankan rí, kò rí i níbi ìsìnkú, kò rí i lọ́jà. Á lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ìyá aláró á sọ pé wọ́n ti sanwó ẹ̀. Ó yẹ kí orí kẹta bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, má tún kọ ti ilẹ̀kùn àpáta mọ́. Tó o bá kọ ọ́ tán, gbé e wá, kí bọ̀dá kànga kọ́kọ́ kà á, torí ó ṣì ń bínú lórí ògùṣọ̀ méje yẹn.